Ẹ̀rín tí Bairbre Rín ní Ṣọ́ọ̀bù Sailí

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Bairbre Ní Chualáin fi ń gba àlejò sílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní An Cheathrú Rua, ní etí òkun Conamara. Àwọn tó ń wá kọ́ Gaeilge, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Ireland, ló máa ń dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Á fún wọn ní yàrá, á se ọ̀dùnkún àti kábéèjì fún wọn, á sì máa bá wọn sọ èdè náà nídìí oúnjẹ, torí ohun tó gbé wọn wá nìyẹn. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ruairí, ti kó lọ sí Ọsirélíà. Ẹnu Bairbre mú, ó sì mọ èèyàn sín jẹ débi pé ẹni tó bá ń wò ó á di inú mú.

Ní oṣù keje ọdún kan, ọmọbìnrin ará Kòríà kan dé, Seo Hye-rim, olùkọ́ èdè láti ìlú Jeonju, ẹni bí ọgbọ̀n ọdún. Ó ń kọ ìwé kan lórí ibi tí Gaeilge àti èdè Kòríà ti jọra, àti ibi tí wọ́n ti kẹ̀yìn síra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Bairbre nídìí sítóòfù, ó tẹrí ba, ó ní, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Bairbre bojú wẹ̀yìn. "Èmi àti ta ni?"

Nínú Gaeilge, "ìwọ" ni gbogbo ẹni tó bá dá wà. "Ìwọ" ni ọmọ ọwọ́, "ìwọ" ni fadá, "ìwọ" ni ìyá ìyá ẹni, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá pọ̀ nìkan ni "ẹ̀yin" ń wọlé.

Ojú ti ọmọbìnrin náà. "Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé 'ìwọ' ló yẹ. Ẹnu mi ló kọ̀ ọ́. Nílé wa, a kì í sọ ọ́ sí ẹni tó tó ìyá ẹni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Bairbre sọ, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. "Jókòó, ọmọ mi, tíì rẹ ń tutù."

Ohun tí àwa Yorùbá ì bá tìtorí ẹ̀ súre fún ọmọ náà, ẹ̀fẹ̀ ni Bairbre rí níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìtẹríba, ohùn tín-ín-rín, gbogbo "ẹ̀yin" náà. Ní àárọ̀ Sátidé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Sailí lọ ra búrẹ́dì. Obìnrin méjì wà níbẹ̀, àti Learaí, tíṣà àwọn àlejò, tó wá ra ìwé ìròyìn.

"Ọmọ Kòríà rẹ ńkọ́?" Sailí bi í.

Bairbre kò jẹ́ kó tutù. Ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan káńtà. "'Bairbre, ṣé ẹ sùn? Bairbre, ṣé tíì yín dùn?' Mo ní, àbí torí mo sanra ni? Àbí èèyàn méjì ló rí nínú aṣọ mi?"

"Bí o bá tún jẹ kéèkì kan sí i," Sailí dáhùn, "yóò ka mẹ́ta!"

Ẹ̀rín bú. Learaí náà rín in. Orí Bairbre wú, ó fi kún un: "Ó tún máa ń gbé ohun tó yẹ kó ṣíwájú sẹ́yìn! 'Èmi òkun sí ọ̀la lọ.' Wàá máa dúró kí 'lọ' dé bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì!"

Sailí ló kọ́kọ́ dákẹ́. Bairbre yíjú. Hye-rim dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ẹnu ọ̀nà, páálí wàrà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó ti rí i pé wàrà ilé ti tán ni. Ó rìn dé ìdí káńtà, ó sanwó, ó tẹrí ba fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Bairbre náà pẹ̀lú, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ nínú ilé. "Ẹ ṣé" ní Gẹ̀ẹ́sì, "ó dàárọ̀" ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àgbà yàtọ̀ sọ́mọdé, kò sẹ́ni tó lè fi í rẹ́rìn-ín. Bairbre bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran lé ẹran fún un nínú àwo. Ọmọ náà ń jẹ ìwọ̀nba tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó ń dá ìyókù padà.

Ojú ń ti Bairbre, kì í sì í ṣe ti ọjọ́ Sátidé nìkan. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Galway. Ní ọjọ́ kan ó fẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ebi ń pa òun. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú Gaeilge ni pé ebi wà lórí ẹni, bí ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá náà pe àwọn yòókù wá, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, torí kò mọ̀ pé ẹ̀sín ni. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń wo orí rẹ̀ pé ebi náà dà. Nígbà tó bí Ruairí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló bá a sọ. Àwọn àlejò ń ti òkèèrè wá gba Gaeilge lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tó bí kò gba ìkan.

Ní Túsìdeè, Learaí yà sílé rẹ̀. "Ọjọ́ Fráídè ni Hye-rim máa bá wa sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn. Gaeilge ló fẹ́ fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti ní Gẹ̀ẹ́sì lòun máa fi sọ ọ́ báyìí."

Bairbre ń nu tábìlì tó ti mọ́.

"Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bairbre."

"O rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sín in jẹ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Hye-rim ń sá ewé òkun tó já létí omi sórí ògiri òkúta ẹ̀yìnkùlé. Bairbre gbé tíì lọ bá a. Ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ gígùn kan, kò rí i sọ. Ó kàn ní, "Ìtìjú wà lórí mi."

Ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé kò sí wàhálà.

"Má fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi, àmọ́ fi Gaeilge bú mi." Ó wá sọ ti òtẹ́ẹ̀lì fún un, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi kú.

Hye-rim gbọ́ ọ tán. Ó tẹ́ ewé òkun kan, ó tún un tẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ní Gaeilge, díẹ̀díẹ̀: "Ẹ mọ bó ṣe ń dunni tó, ẹ sì ṣe é?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì ṣe é."

Ọmọ náà gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Kò sọ pé òun ti dárí jì í.

Ní Fráídè, gbọ̀ngàn kún. Gaeilge ni Hye-rim fi bẹ̀rẹ̀. "Nínú èdè yín," ó ní, "'lọ' ló ń ṣíwájú. Ẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan lọ, ó ku kí ẹ mọ ẹni náà. Nínú tiwa, ẹ mọ ẹni náà, ẹ mọ ibi tó dojú kọ, àmọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi parí, ẹ ò mọ̀ bóyá ó lọ tàbí kò lọ." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín dáadáa. Ó sọ pé nígbà tí àwọn ará Japan ń ṣàkóso Kòríà, wọ́n gbá ìyá ìyá òun létí níléèwé nítorí ọ̀rọ̀ Kòríà kan tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Títí màmá náà fi kú, bó bá ń ka iye nǹkan, ohùn jẹ́jẹ́ àti èdè Japan ló fi ń kà á. Àwọn àgbàlagbà inú gbọ̀ngàn ò mira mọ́. Àwọn bàbá ńlá tiwọn náà jẹ pàṣán nítorí Gaeilge.

"Ohun kan ṣì wà tí mi ò rí nínú èdè yín," ó ní. "Mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bọ̀wọ̀ fún obìnrin tó jù mí lọ. Mo wá yá 'ẹ̀yin' lò. Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Màá ṣì máa ṣe é."

Kò wo ọ̀dọ̀ Bairbre, kò dárúkọ rẹ̀. Ì bá sàn ká ní ó dárúkọ rẹ̀. Sailí ń wo bàtà ara rẹ̀. Bairbre jókòó ní ìlà kẹta, ara rẹ̀ gbóná títí dé etí, kò sì dìde jáde, torí ó rò pé ìjókòó yẹn tọ́ sí òun.

Hye-rim lọ lọ́jọ́ kejì. Ní Sọ́ńdè, Ruairí pè láti Ọsirélíà bó ṣe máa ń ṣe. Gaeilge ni Bairbre fi kí i.

"Màmá, kí lẹ sọ?" ni à bá kọ nílé wa, àmọ́ ohun tí ọmọ náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì ò ju "Kí ni? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Ó bá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún gbìyànjú. Ruairí ní kó tún un sọ, kó rọra. Ó tún un sọ. Ọmọ náà gbá ọ̀rọ̀ méjì mú, ó ṣì wọ́n pè, ó fi ẹ̀rín kékeré kan bò ó mọ́lẹ̀. Bairbre mọ ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì. Ó mọ ẹni tó kó o ràn án.