Obì Tí Mo Fi Pe Ẹgbẹ́

Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá wọ ẹgbẹ́, ẹ̀rín ni mo fi ń dá a lóhùn, ẹ̀rín ìbínú sì ni. Mo ti wọ̀ ọ́ rí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣì wà n'Íbàdàn, tí mo ń ránṣọ, tí mo sì ń kọ́lé fún ìyá mi.

Nígbà tí bàbá mi kú ní Mákùn-Omi, ẹbí lé ìyá mi jáde. Yàrá kan la jọ ń gbé, nílé onílé. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé ò ju kó sùn nílé ara rẹ̀ kó tó kú.

Ọ̀rẹ́ mi, kápẹ́ńtà kan, ló mú mi wẹgbẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá bá wa ṣe kì í dá kan òrùlé." Òótọ́ sì ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, gbogbo wa á bá ọ kan páànù tán. Onígbàgbọ́ inú wa búra lórí Bíbélì, Mùsùlùmí lórí Kùránì, pé a ò ní kọ̀ láti gun òrùlé ara wa. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gun òrùlé olórùlé. Mo já bọ́ ní Ìlápòrù, mo tún gòkè padà.

Obì la fi ń pe ẹgbẹ́. Ẹni tí obì rẹ̀ bá kọ́kọ́ kárí ilé gbogbo wa ló ni Sátidé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ gbé e kiri fúnra rẹ, ìwà àfojúdi ni. Ẹni tó mú ọ wẹgbẹ́ ló ń bá ọ gbé e. Òjò ti ń ṣú bọ̀, ògiri amọ̀ mi ti dúró, páànù ti wà nílẹ̀. Mo kó obì fún ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí Sátidé dé, ìyá mi se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá kan dè wọ́n. A jókòó títí oòrùn fi kàn wá lórí, a ò rí ẹnì kan. Aládùúgbò kan tó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè ló ní òun rí ẹgbẹ́ mi lójú ọ̀nà, wọ́n ń kan páànù sílé kan. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Ilé ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n wà.

"Kí ló dé tó o fi pẹ́?" Bàbá ẹgbẹ́ ló bi mí.

"Bàbá, ta ló fún yín lóbì?"

Ó nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi. "Òun ni. Ó ní tòun ni."

Ọ̀rẹ́ mi yọ ìṣó lẹ́nu. "Òjò ló bà mí lẹ́rù. Tìẹ náà á kàn."

"Méè gbọ́, mi ò gbà!" ni mo pariwo. "Obì mi ni!"

Bàbá ẹgbẹ́ kọ̀. Ó ní obì tá a ti jẹ, a kì í bì í padà. Ó ní kí n gòkè, mo ti búra. Èmi òmùgọ̀ sì gòkè! Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu, òun ni mo bá kan páànù.

Òjò dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ògiri méjì ti wó nílé mi.  Àìsàn dá ìyá mi dúbúlẹ̀, kò sì rí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e.

Ẹgbẹ́ wá sin ín, gbogbo wọn pátá, torí òfin wa ni. Ọ̀rẹ́ mi ló gbé ìhà orí pósí. Ilé onílé ni wọ́n ti gbé ìyá mi jáde.