Ìdáhùn Alhaji ní Àárọ̀ Mọ́ńdè

Iṣẹ́ tí Tẹ́ní Akíntáyọ̀ ń ṣe nínú ọ́fíìsì kékeré kan ní Àgọ́ Palace kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe ápù tí àwọn oníṣòwò fi ń mọ ibi tí lọ́rì wọn dé, wọ́n sì ń wá àwọn tó máa dókòwò sí i. Ẹni tó bá ṣèlérí owó, Tẹ́ní á kọ orúkọ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀rọ á bi olúkúlùkù lórí fóònù rẹ̀ bóyá ìlérí rẹ̀ kò tíì yí padà. Bó bá ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, gbólóhùn kan á jáde lábẹ́ orúkọ rẹ̀: "Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi." Tẹ́ní fúnra rẹ̀ ló kọ gbólóhùn yẹn.

Alhaji Bùràímọ̀, tó ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, ló kọ́kọ́ ṣèlérí. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn yòókù rí tí wọ́n fi tẹ̀ lé e. Gbàrà tí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń dé, ṣáájú ti gbogbo èèyàn.

Ní Mọ́ńdè kan, ìdáhùn náà dé bó ṣe máa ń dé. Lọ́sàn-án, Tẹ́ní mú ìwé àdéhùn lọ kí Alhaji lè fọwọ́ sí i. Ó bá ilé ìkẹ́rùsí ní títì. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ wò ó títí, ó ní ṣé kò gbọ́ ni, pé ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti sin Alhaji.

Kọ́láolúwa, ọ̀gá rẹ̀, ní kó fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn tó kù á sá, ọ́fíìsì á tì, iṣẹ́ Tẹ́ní náà á sì bá a lọ.

"Àbí àwa la dáhùn ni? Fóònù Alhaji ló dáhùn."

Tẹ́ní kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ kó owó wọn lé ọ̀rọ̀ òkú. Ó wé gèlè, ó lọ kí Ìyá Salimat, opó Alhaji, ní Okota. Ìyá Salimat wà lórí ẹní, kò tíì gbọdọ̀ jáde. Tẹ́ní kúnlẹ̀, ó kí i kú arafẹ́rakù, kó tó rọra béèrè fóònù Alhaji.

Obìnrin náà fà á yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní òun ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá tàn lójú rẹ̀, òun máa ń tẹ̀ ẹ́. "Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní Alhaji ò dá àwọn lóhùn. Alhaji ò ṣe bẹ́ẹ̀ séèyàn rí."

Tẹ́ní ṣàlàyé ohun tí títẹ̀ yẹn ń sọ. Ìyá Salimat na fóònù náà sí i.

"Ó dáa, ọmọ mi. Bá mi pa á."

Tẹ́ní pa fóònù náà. Ó ṣojú rẹ̀ tí Ìyá Salimat fi tì í mọ́ inú àpótí. Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ Alhaji pé ó ti kú, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Kọ́láolúwa kò bú u. Ó kàn bi í bóyá ó ti ríṣẹ́ míì.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Tẹ́ní jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo àwọn tó kù, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kọ́láolúwa wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà lára ògiri. Ìgbà yẹn ni Tẹ́ní gbójú sókè sí orúkọ àkọ́kọ́. Lábẹ́ ìròyìn ikú tóun fúnra rẹ̀ kọ, ìdáhùn ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀.

Ó pe Ìyá Salimat. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tan fóònù yẹn?"

Ó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lára àpótí.

"Ó wà níbi tá a fi í sí. Ó tutù." Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Kí ni Alhaji sọ?"

Tẹ́ní kà á fún un: "Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi." Ìyá Salimat ní kó tún un kà.