Ilẹ̀kùn Ilé Ṣàpáló Orí Òkè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga dé ibi tí wọ́n ti ń fa ilẹ̀kùn, iṣẹ́ kan wà tí ìyá mi máa ń rán mi ní ìrọ̀lẹ́. Yóò ní kí n lọ pe bàbá mi wá jẹun. Kì í sọ ibi tí mo máa lọ, nítorí ibì kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń wà lásìkò yẹn: ilé ìyá àgbà tó ń ta ṣàpáló.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ṣàpáló, ọtí ọkà bàbà ni. Lọ́dọ̀ wa, láàárín àwọn òkè Dásà, àwọn obìnrin ló ń sè é. Wọ́n á rẹ ọkà náà sómi, wọ́n á bò ó títí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé e kaná láti àárọ̀ di alẹ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù, ó máa ń dùn, ọmọdé lè mu ún. Tó bá di ọjọ́ kejì, àgbàlagbà ló ni ín.

Ilé náà ní ilẹ̀kùn ìrókò kan tó nípọn. Kókó kan ti já bọ́ lára igi rẹ̀, ó sì fi ihò sílẹ̀. Ihò náà bá ojú mi dọ́gba. Bí mo bá dé ibẹ̀, n kì í kan ilẹ̀kùn. Mo máa ń fi ojú kan sí ihò náà, mo sì máa ń wo bàbá mi. Yóò jókòó sórí àpótí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, igbá lọ́wọ́, yóò máa rẹ́rìn-ín. Nílé wa, n kò rí ẹ̀rín bàbá mi rí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò kàn lọ́rọ̀ lẹ́nu ni, mo sì jọ ọ́. Nítorí náà mo máa ń pẹ́ níbẹ̀, tí mo ń wo ẹ̀rín tí kì í wá sílé, títí ọbẹ̀ ìyá mi á fi tutù.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ ìyá ọlọ́tí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló máa ń wà, lórí àpáta tí wọ́n ti ń lọ ọkà. Kò dàgbà jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀, ó ń wò mí.

"Ayọjú," ó ní, "ṣé bàbá rẹ lo wá pè, àbí ilẹ̀kùn wa lo wá ṣọ́?"

Mo yọ ojú kúrò lára ihò náà. Ó ní bí n kò bá níṣẹ́, kí n wá máa da ọkà sílẹ̀ kí òun máa lọ̀ ọ́. Mo lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. Èmi á máa da ọkà, òun á máa lọ̀ ọ́, á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, títí bàbá mi á fi jáde fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fi mú mi lọ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tó ti ń dáko. Ìgbà tí mo padà, bàbá mi ti kú. Mo ti ń di géńdé kí n tó wọ ilé ìwé, mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè gbé pọ̀n. Àwọn ará orí òkè ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti kọ́lé sẹ́bàá títì, níbi tí omi àti ọkọ̀ wà. N kò béèrè ilé ọtí náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nǹkan mìíràn ni mò ń lé nígbà náà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ní ọjà Dásà, obìnrin kan tó ń yẹ iṣu wò lẹ́yìn mi ní, "Ayọjú." Mo mọ̀ ọ́n kí n tó yíjú padà, nítorí kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ orúkọ yẹn. Òun ni mo fẹ́. A gbé ní Kpingni, a dáko, a gbin kajú, a bímọ. Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn títí ó fi kú.

Láti ìgbà náà ni ilé mi ti dákẹ́. Àwọn ọmọ wà ní Kútọnu, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Mísà. Mo máa ń sọ fún wọn pé ara mi le, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri láti wo àwọn ilé àtijọ́: ilé amọ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fi páànù bò, àti ní pàtàkì, àwọn ilé tí àwọn bàbá wa ti ń mutí. Mo ń béèrè ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó gbébẹ̀, àti ìdí tó fi wó. Àwọn kan dá mi lóhùn dáadáa. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dé mẹrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan níbẹ̀, tó ń bójú tó àwọn àlejò tó ń wá wo òkè, sọ pé àwọn fẹ́ kan pátákó mọ́ àwọn ilé àtijọ́. Ó ní kí n fi ilé ṣàpáló kan hàn òun. Mo mọ èyí tí mo fẹ́ fi hàn án. Ibi tó wà ni n kò mọ̀ mọ́, nítorí mo kéré nígbà tí mo ń lọ síbẹ̀, igbó sì ti bo àwọn òkè náà.

N kò sọ fún un pé kì í ṣe nítorí pátákó ni mo ṣe ń wá a. Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè mí ní Ayọjú, kí n lè máa lọ jókòó síbẹ̀. Sàréè ìyàwó mi wà ní Kpingni, ṣùgbọ́n ikú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí níbẹ̀. Mo fẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti wà.

Ní ọ̀sán kan ní Lèma, mo rí ilẹ̀kùn náà. Ó wà lára ilé kan nísàlẹ̀ òkè, ilé ọkùnrin kan tó ń ta bẹntiróò inú ìgò fún àwọn alálùpùpù. Mo dá a mọ̀ lójú kan náà. Ihò náà ṣì wà, ẹnu rẹ̀ ń dán. Ìbàdí mi ló dé báyìí. Mo rántí pé mo máa ń gun òkè kí n tó dé ilé ọtí náà, ibí yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé lójú ọmọ kékeré, ibi gbogbo ló ga. Mo wá àpáta tí a ti ń lọ ọkà, n kò rí i. Onílé ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fọ́ ọ láti fi kọ́lé. Inú rẹ̀ dùn sí pátákó náà. Ó ní àwọn àlejò á máa dúró, òun á sì máa ta omi tútù fún wọn. Ọmọ mẹrí wá ya fọ́tò, ó ní àwọn á padà wá kan pátákó náà láìpẹ́.

Mo jókòó síwájú ilé náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Mò ń retí kí nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Kò sí ohun tó sọ.

Nítorí àpáta yẹn ni mo ṣe lọ sí Soclogbo, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá ìyàwó mi. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá ọlọ́tí. N kò tíì débẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn mi. Ó ní ẹsẹ̀ àna tó ti sá fún àna rẹ̀ tipẹ́ nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo gbé búrẹ́dì àti ṣúgà tí mo mú wá sílẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ti rí ilé ìyá rẹ̀ ní Lèma. Ó béèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Ọkọ ọmọ mi," ó ní, "ta ló sọ fún ẹ pé ilẹ̀kùn kì í rìn?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kò sẹ́ni tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Igi tó dáa ṣọ̀wọ́n, ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì kó kúrò. Nítorí náà, bí ẹrù bá ti tán nínú ilé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan nínú ilé á sì dúró síta, á kàn án bí àlejò, á tẹ́tí bóyá ẹnì kan máa dáhùn. Bí kò bá sí ìdáhùn, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á rù ú lọ. Ti ìyá rẹ̀ lọ sí Lèma, sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni yẹn sì ta ilé náà fún bàbá ọkùnrin tó ń ta bẹntiróò.

Mo rò pé ó ti parí. Ó wá ní, "Ìyàwó rẹ ló kàn án."

Ara ìyá ọlọ́tí kò yá lọ́jọ́ yẹn, ni wọ́n bá ní kí ọmọ náà kan ilẹ̀kùn. Ó kàn án. Kò sí ẹni tó dáhùn. Àwọn ọkùnrin tó máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ ti ká aṣọ lérí, wọ́n ní kó kúrò lọ́nà.

"Ó ní ká dúró díẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ó ní ọmọ kan wà tó máa ń yọjú níbẹ̀, ó lè wá. A bínú sí i. Òòrùn ti ń mú."

Ilẹ̀ Nàìjíríà ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi kò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹni tó mọ ilé tí mò ń wá kiri ti bá mi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ wa, n kò sì bi í.

Ìyá náà ní kí n gun òkè tó wà lẹ́yìn Lèma, kí n má wá ògiri, kí n wá ojú ọlọ lára àpáta, àwọn ihò tí ọkà lílọ̀ ti gbẹ́ síbẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ti ìyàwó mi wà lápá òsì, ihò rẹ̀ kò jìn, nítorí kò pẹ́ nídìí rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo gùn ún. Ilé náà ti padà di ilẹ̀. Òkúta ìdáná ṣì dúró, koríko sì yí i ká. Mo rí àwọn ojú ọlọ náà, àwọn ńlá tó jìn bí abọ́, àti kékeré kan lápá òsì tí omi òjò wà nínú rẹ̀. Mo kó ewé kúrò nínú rẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sí i, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo jókòó sí ibi tí mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo bá ń da ọkà, mo sì wà níbẹ̀ títí mo fi gbọ́ aago ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀.

Mo lọ sọ fún ọmọ mẹrí pé ibi tí mo fi hàn án kọ́ ni.

"Tọ́ńtọ́n," ó ní, bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pe àgbà, "kí ni mo máa fi hàn wọ́n lókè? Òkúta?"

Mo ní òkúta ni. Ó ní ilẹ̀kùn làwọn àlejò máa fẹ́ ya fọ́tò. Kò parọ́. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí pátákó náà sọ pé ilẹ̀kùn ilé ṣàpáló ló wà níbí, kó má sọ pé ilé náà ni. Ó gbà. Ọkùnrin Lèma ń ta omi tútù rẹ̀. Èmi ń gun òkè mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ló ń lọ ọkà yín, n kò sì lè sọ pé ó burú. Ẹ̀yìn ìyá wa ìbá rí ìsinmi bí ó bá ti tètè dé. Bùfẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń mu bíà, orin ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn yín, irin ni. Bí ẹ bá ń kó lọ, ẹ ó ti í pa, ẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ọkọ̀ á gbéra.

Àwọn ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Kútọnu. Ó lè jẹ́ pé mo máa lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má kán mi lójú. Bí ẹrù bá ti tán nínú ilé, mo máa ti ilẹ̀kùn, mo máa kàn án, mo sì máa dúró díẹ̀.