Bàbá Mi Alábàárù àti Katẹ́nìn

"Àtàrí àjànàkú kì í ṣẹrù ọmọdé." Ohun tí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì sọ nìyẹn nígbà tó rí àkòrí tí mo yàn. Ó ní kí n lọ ṣèwádìí lórí omi kànga, pé ṣebí omi kànga pọ̀ ní Shasha wa níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rín in. Omi kànga Shasha ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Tó bá sì jẹ́ ti ẹrù wíwúwo, ó gbàgbé pé ọmọ alábàárù ni mí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ṣòroó sọ. Inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni kálukú wa ti bẹ̀rẹ̀, ìwé àṣẹ kan náà ló sì wà ní àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ara wa. Báwo wá ni ọ̀kan ṣe di awọ, tí òmíràn di egungun? Àwọn onímọ̀ ní àwọn purotéènì kan wà létí sẹ́ẹ̀lì tó máa ń di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, pé wọ́n wà lára àwọn tó ń sọ irú ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa dà. Bí ẹni tó wà létí ṣe ń bá ẹni àárín sọ̀rọ̀ ni kò yé mi.

Sáíbà kafẹ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń tẹ ìwé wọn jáde. Ojú ìwé kan ní purotéènì tó ń jẹ́ katẹ́nìn wà létí sẹ́ẹ̀lì, pé ó wà lára ohun tó so ó mọ́ èkejì. Ojú ìwé mìíràn ní àárín gbùngbùn ni wọ́n ti rí i. Mo ní àwọn òyìnbó ti fi orúkọ kan sọ nǹkan méjì. Mo bá ya ti etí nìkan, mo pè é ní sìmẹ́ńtì.

Bàbá mi kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ó ń ká ẹní rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, iṣu ló sì ti ń já lọ́kọ̀ ní ọjà Shasha láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ó dúró ti àwòrán mi.

"Kí lèyí, ìyá mi?"

"Sẹ́ẹ̀lì méjì ni, Bàbá. Èyí tó so wọ́n pọ̀ yìí dà bíi sìmẹ́ńtì."

"Ta ló wà láàárín níbí?"

"Ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń wá."

"Tí aládùúgbò bá wá jùwọ́ sílẹ̀ ńkọ́, báwo lẹni inú ilé ṣe máa mọ̀? Ṣé sìmẹ́ńtì lẹ́nu ni? O ò tíì mọ̀ ọ́n, jàre. O ti gbàgbé bá a ṣe ń já iṣu."

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Àwọn alábàárù á tò láti ẹ̀yìn ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, iṣu á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìyá tó ni ìsọ̀ jókòó sínú, kò rí ọkọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iṣu bá ń bọ̀, ẹni ẹnu ọ̀nà kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọlé lọ sọ fún ìyá. Wọn kì í rán ẹlòmíràn, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ló mọ̀. Ìyá á wá yí iṣẹ́ padà: ìsọ̀ tó ń kó iṣu wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, á máa tà á.

Mo sáré ṣí ìwé mi. Katẹ́nìn kì í ṣe méjì! Òun ló di ìlà mú, òun náà ló ń wọlé lọ sọ. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ létí, tí wọn ò sì pa á lójú ọ̀nà, á wọ àárín gbùngbùn lọ, òun àti àwọn mìíràn á ṣí ojú ewé ìwé àṣẹ tó wà ní pípadé, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di nǹkan mìíràn. Mo fò sókè bí ọmọdé.

Ní ọjọ́ sẹ́mínà, mo fi ìlà iṣu ṣàlàyé ohun gbogbo. Olùkọ́ mi dá mi dúró.

"Òǹkọ̀wé wo ló sọ ìyẹn?"

"Bàbá mi ni, sà. Alábàárù ni wọ́n ní Shasha."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. "Yọ ọ́ kúrò," ni olùkọ́ mi wí. "Tó o bá fi sílẹ̀, màá wo bó o ṣe máa pasi."

Tí mi ò bá sì pasi iṣẹ́ náà, mi ò lè gboyè. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe padà sí Ẹ̀gbẹ́dá, tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, orí ló gbóná. Àwọn olùkọ́ wa ń tọ́ka sí òyìnbó tí wọn ò rí rí. Ẹni tó là mí lójú ni kí n wá pa rẹ́? Mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín àwọn orúkọ ńláńlá tí mo tọ́ka sí lẹ́yìn ìwé mi: *Alábàárù kan, ọjà Shasha, ọ̀rọ̀ ẹnu.* Mo di ìwé náà bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e fún olùkọ́ mi.

Ó fún mi ní máàkì tó kéré jù lọ tí èèyàn fi lè pasi. Mo gbà á.

Bàbá mi ò mọ̀wé kà. Ó fọ ọwọ́ kó tó gba ìwé náà, ó ní, "Ibo ni mo wà?" Mo fi ìka rẹ̀ lé e. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò, mi ò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fi ọ̀rá wé ìwé náà, ó ní ká lọ sí ọjà Shasha.

Ọkọ̀ iṣu ti dé, wọ́n ti tò. Ó gbé ìwé náà fún ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ lọ gba ipò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé mi ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó bọ́. Nígbà tó kan bàbá mi, ó gbà á, ó kúrò lórí ìlà, ó sì wọlé lọ sọ fún ìyá oníṣu.