Gìtá Béèsì Tí Mo Gbẹ́ Nílé Ìyá Mi

Ojo ni mí tó bá ti kan iná mànàmáná, mi ò ní purọ́. Iná ló gbé ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí ìyá mi, níbi tó ti ń so wáyà ní Òdògbolú. Wọn ò jẹ́ kí ìyá mi mọ ojú sàréè rẹ̀, nítorí a kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Èmi mọ̀ ọ́n. Tí èmi àti ìyá mi bá ń gba ibẹ̀ kọjá, mi ò jẹ́ wo ẹ̀gbẹ́.

Kí ló wá gbé mi dédìí gìtá béèsì? Ẹgbẹ́ olórin wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ò ní in, agbára wa ò sì ká èyí tí òyìnbó ṣe. Káfíńtà ni mí, mo ní màá gbẹ́ ẹ. Mo fi ìrókò ṣe ara rẹ̀, mo sì gbé igi ọrùn rẹ̀ sórí àjà ìdáná ìyá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kí èéfín mú un gbẹ kó má baà wọ́. Igi lásán ni lójú ìyá mi nígbà yẹn.

Ọjọ́ tí mo fi wáyà sí i ni ojú ìyá mi yí padà.

"Ṣé iná ni nǹkan yìí ń jẹ?"

"Díẹ̀ ni, Màámi."

"Ṣé kì í ṣe díẹ̀ náà ló pa ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Irin ni okùn gìtá, wáyà ló so ó mọ́ ẹ̀rọ rédíò àtijọ́ tí mo sọ di agbóhùnsókè. Bí mo bá ṣi wáyà kan so, ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn yẹn ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ bàtà rọ́bà, mo tan ẹ̀rọ. Ó ń kùn. Mo na ọwọ́, mo fà á padà.

Ìyá mi jáde láti ìdáná láìwọ bàtà, omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Dákẹ́. Èyí tó lọ, mi ò mọ ibi tó sùn sí. Tó bá jẹ́ èmi ló mú, ìwọ á mọ sàréè mi."

Ó ní bísímílà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gìtá náà dún, ilẹ̀ gbọ̀n. Ó dijú, mo pè é, kò dáhùn. Nígbà tó ṣe, ó lajú, ó ní kí n wá máa ta á. Mi ò lè ta á. Ẹkún ni mo ń sun.