Igi Máńgòrò Ẹ̀yìn Ilé Wa

Bàbá ìyá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, òun ló gbin igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé tí a ń gbé ní Danmagaji. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ri ìwọ́ ìyá mi sí, wọ́n ri tèmi náà síbẹ̀. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ mi já, ibẹ̀ kan náà ni mo gbẹ́lẹ̀ sí.

Àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá kò mọ̀. Ṣùgbọ́n onílé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tí a háyà yìí mọ ohun tí ìwọ́ jẹ́, Yorùbá bíi tiwa ni. Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó àwọn agégi dé, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ́ wa ń bẹ níbẹ̀."

"Haba, Ìyá Ìkókó! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lọ rì í sí Kàbà, ìlú yín?"

Kàbà tí mi ò sùn sí rí! Mo sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, mo fẹ̀yìn ti igi, mo fi ọmú sí i lẹ́nu.

"Ó dáa, ẹ gé e mọ́ wa!"

Hausa tó gbé ayùn dání mi orí. "Wallahi, mi ò lè ṣe é."

Onílé ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Kí wọ́n máa bọ̀. Mi ò tíì já ọmọ mi lẹ́nu ọmú.