Tíréè Ẹ̀gúsí Màmá

Pà. Pà. Bàbá mi tún ti fọ́ òmíràn. Ó jókòó sórí àpótí kékeré ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsọlọ̀, òun télọ̀ ńlá, tíréè ẹ̀gúsí lórí itan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá àgbà tó ni ilé tí a ń gbé, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kò tilẹ̀ wò ó. Ó ń bó tirẹ̀ lọ, ó ń wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀ kí èèpo lè rọ̀.

“Èyí tó bá fọ́, jẹ ẹ́,” ni Màmá wí. “Odindi nìkan ni kó o dà síbí.”

Lọ́jọ́ yẹn, bàbá mi yó ẹ̀gúsí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé ni. Gbogbo ènìyàn ń ra mọ́tò, gbogbo ènìyàn ń rán aṣọ, àwọn oníbàárà bàbá mi kì í sì í wá gba aṣọ láì gbé bíà dání. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bọ́ládé di ohun tó ń mu kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, títí kò fi lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyá mi di ẹrù wa sínú àpò. Ó ní bí oṣù bá parí tí bàbá mi kò jáwọ́ nínú ọtí, Adó-Èkìtì, ìlú òun, yá. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí mo fẹ́ràn bàbá mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Màmá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n: ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹni tí ọtí dè mọ́lẹ̀, tíréè ni Màmá máa ń gbé fún un. Kì í bi wọ́n ní nǹkan kan. Bàbá mi wọ agbádá lọ, ó rò pé àdúrà ni Màmá fẹ́ gbà fún òun. Màmá ní kó kọ́kọ́ bọ́ agbádá.

Ọjọ́ kẹta ló tó la ẹnu. “Màmá, tí mi ò bá bá àwọn oníbàárà mi mu bíà, wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga.”

“Jẹ́ kí wọ́n wí. Ṣé ẹnu wọn lo fi ń rán aṣọ ni? Bó ẹ̀gúsí ẹ.”

Bàbá mi tún ṣubú sínú ọtí lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọjọ́ méjì sá fún Màmá. Màmá gbé tíréè bá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó fìdí kalẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn náà ti ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n gbàgbé bíà wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gúsí tí bàbá mi ń rí jẹ ti ń dín kù.

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, Màmá mú abẹ́rẹ́ àti òwú funfun jáde. “Ojú mi ò ríran mọ́. Bá mi tì í bọ̀ ọ́.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi tì í, ó wọlé. Ìyá mi dìde. Ó wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ bó ṣe ń tú àpò ẹrù wa.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, oorun dá lójú mi, ilé sú mi. Mo lọ bá obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ àtimáa gbọ́ tẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo. Ó ní, “Ẹ máa bá mi sọ ọ́, Mà,” ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé ẹ̀gúsí dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Àkọ́kọ́ tó bó, ó fọ́ ọ.

“Jẹ ẹ́,” ni mo wí, ni ọ̀rọ̀ bá ń tú jáde lẹ́nu mi.